911 mi ń mísì, ó ń tú èéfín funfun láàárọ̀: ṣé ríìngì ni lóòótọ́?

Onítípà Ìgbógbo:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Típà Mẹ̀sídíìsì 911 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì OM352 onísílíńdà mẹ́fà tó bá a wá ló ṣì wà nínú ẹ̀. Iyanrìn ni mo fi ń kó láti etí omi Báyẹ̀kú wọ Ìgbógbo àti àárín Ìkòròdú, ìgbà mìíràn mo máa ń gba ọ̀nà Ìtóìkín dé Àgbọ̀wà.

Ohun tó ń ṣe é rèé. Tí mo bá kíkì ẹ̀ láàárọ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn. Tó bá dáhùn, èéfín funfun a bo gbogbo ojúlé, èéfín náà ń ta ojú, ó sì ń rùn bíi dísù tí kò jó. Ìró ẹ̀ kò dọ́gba, á lù díẹ̀, á fo ọ̀kan (mísì yẹn nìyẹn), gbogbo ilé awakọ̀ á máa gbọ̀n. Tó bá ti gbóná, èéfín á dínkù, ṣùgbọ́n ìgbọ̀n yẹn ò tán. Tí mo bá wá di ẹrù, ibi tí mo ti ń fi jíà kẹta gun òkè tẹ́lẹ̀, jíà kejì ló kù tó ń gbé e.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní pọ́ńpù ni. A tú pọ́ńpù, wọ́n kálíbíréètì ẹ̀, a pààrọ̀ ẹnu nọ́sù tó ń fọ́n dísù, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi ń lélẹ̀. Ẹnìkejì kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó kàn gbọ́ ìró ẹ̀, ó ní ríìngì tó yí písítìn ká ti jẹ, kí n lọ ra písítìn, ríìngì, slíìfù (ihò tí písítìn ń rìn nínú ẹ̀) àti béárìn, òun fẹ́ dá gbogbo ẹ́ńjìnnì lẹ̀. Owó tó pè kì í ṣe owó tí ènìyàn fi ń ṣeré. Ọ́ìlì mi ò fi bẹ́ẹ̀ dínkù, omi redíétọ̀ ò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i kí n tó náwó.

Bàbá Nọ́sù (Odógunyàn):

Àbúrò, kú iṣẹ́. Má tíì ra nǹkan kan. Ẹni tó fetí lásán gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ní ríìngì ti jẹ, àbá ló dá, owó ẹ ló sì fẹ́ fi dán àbá yẹn wò.

Èéfín tó o ṣàlàyé yẹn ti sọ nǹkan kan fún wa. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Afẹ́fẹ́ ni písítìn máa fún mọ́ra títí á fi gbóná gan-an, nọ́sù á wá fọ́n dísù sínú gbígbóná yẹn, òun ló ń gbiná. OM352 máa ń fún afẹ́fẹ́ 17 mọ́ àyè ẹyọ 1. Tí afẹ́fẹ́ bá ń rí ibì kan jò gbà, gbígbóná yẹn ò ní pé, dísù ò ní jó, ó máa di ìkùukùu funfun tó ń ta ojú jáde ní sàlẹ́ńsà. Tí irin ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ó máa ń ran sílíńdà tó rẹ̀ lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí èéfín ẹ fi ń dínkù. Èéfín omi kì í ta ojú, kì í sì í rùn bíi dísù. Ti ọ́ìlì máa ń pọ́n bíi búlúù. Dúdú ni ti ẹ́ńjìnnì tí dísù ẹ̀ pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n nọ́sù tó ń kán, dísù tí kò dára, àti táímìn pọ́ńpù (àsìkò tó ń fọ́n dísù) tó pẹ́ lè tú irú èéfín kan náà. Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ kọ́ ni pé kí ló bàjẹ́. Sílíńdà mélòó ló ń ṣe é? Ọ̀kan ni, méjì ni, àbí gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà? Tí táímìn bá pẹ́, gbogbo wọn ló máa kan. Tí ríìngì bá jẹ nítorí ọjọ́ orí, ó máa ń kan ju ẹyọ kan lọ.

Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tú nọ́ọ̀tì páìpù tó wọ orí nọ́sù ní ìlàjì yíyí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀dọ̀ fáànù lọ sẹ́yìn. Ọ̀dọ̀ fáànù ni nọ́ńbà 1. Tí o bá tú u tí ìró yí padà tí ẹ́ńjìnnì sì fẹ́ kú, sílíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́. Èyí tí o tú tí kò sí ìyàtọ̀, ọ̀lẹ nìyẹn. Fi àkísà sábẹ́ ẹ̀, má ṣe gbé ọwọ́ sí iwájú dísù tó ń fọ́n, torí agbára ẹ̀ lè gún awọ ara wọlé, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni ìyẹn. Ẹni tó ní ọkọ̀ tuntun tó ń lo kọ́mọ́ọ̀nù réèlì (irú tí gbogbo nọ́sù ti ń gba dísù látinú páìpù kan) kò gbọdọ̀ ṣe èyí rárá.

Wàràwàrà99:

Ẹ máa dà á láàmú ṣá. Ọ̀gá, ki àkísà bọnú pẹ́tírọ́ọ̀lù, gbé e sí ẹnu éà fílítà láàárọ̀, á jí. Tó bá wá lówó lọ́wọ́, lọ sí Òwódé Onírin, ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kan, gbé e sí i, iṣẹ́ parí.

Bàbá Nọ́sù (Odógunyàn):

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gba ọmọlọ́mọ níyànjú yẹn. Pẹ́tírọ́ọ̀lù kì í dúró de nọ́sù kó tó gbiná. Á bú gbàmù kí písítìn tó dé òkè, á sì máa ti písítìn padà. Mo ti rí ẹ̀gbẹ́ písítìn tó já níbi tí ríìngì ń jókòó sí nítorí àkísà yẹn. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní àìsàn ríìngì tẹ́lẹ̀, á ní in lẹ́yìn ẹ̀. Ní ti tòkunbọ̀, ta ló wọn kọ̀ńpíréṣàn tiẹ̀ (bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra tó) kí wọ́n tó gbé e dé Òwódé?

Ìyá Típà Ẹ̀pẹ́:

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ òtítọ́. Àbúrò, kí o tó tú páìpù kankan, yọ ọ̀rọ̀ dísù kúrò lọ́nà. Dísù tí wọ́n ń tà ní gálọ́ọ̀nù lẹ́bàá ọ̀nà lónìí, o ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Àwọn kan ti pò ó mọ́ kẹrosíìnì, òmíràn jẹ́ èyí tí wọ́n sè nínú igbó. Èmi kì í jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà mi rà á.

Wá kẹ́ẹ̀gì mímọ́ kan, ra dísù nílé epo tó o fọkàn tán, gbé kẹ́ẹ̀gì náà sókè ju ẹ́ńjìnnì lọ, so ó mọ́ ẹnu ibi tí dísù ń gbà wọ pọ́ńpù kékeré. Hóòsì tó mọ́ bíi gíláàsì ni kó o lò kó o lè rí inú ẹ̀. Bí o bá ń rí hóró afẹ́fẹ́ tó ń sáré nínú ẹ̀ lẹ́yìn tí o ti fẹ́ ẹ dáadáa, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan. Tí mísì bá lọ nígbà tí ọkọ̀ ń mu ti kẹ́ẹ̀gì, táǹkì àti fílítà ni kó o lọ bá jà. Owó kékeré nìyẹn, ó sì lè gbà ọ́ lọ́wọ́ owó ńlá.

Onítípà Ìgbógbo:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe ti ìyá àti ti bàbá.

Ti kẹ́ẹ̀gì kò yí nǹkan kan padà, kò sì sí hóró afẹ́fẹ́. Nígbà tí mo tú páìpù, 1, 2, 3, 4 àti 6 fẹ́ pa ọkọ̀ kú. Nọ́ńbà 5, mo tú u, mo dì í, mo tún tú u, bákan náà ni ìró ń lọ. Ṣùgbọ́n dísù ń fọ́n jáde ní ẹnu páìpù 5 yẹn bó ṣe ń fọ́n ní ti ìyókù.

Bàbá Nọ́sù (Odógunyàn):

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Pọ́ńpù ẹ, ilà ni wọ́n tò ó sí, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ló ní písítìn kékeré tiẹ̀ nínú ẹ̀. Bí dísù ṣe ń fọ́n ní 5 yẹn, ó jọ pé pọ́ńpù kò jẹ̀bi. Ó ku nọ́sù fúnra ẹ̀ àti kọ̀ńpíréṣàn. Yọ nọ́sù 5, gbé e lọ sí 2, gbé ti 2 wá sí 5. Tí mísì bá bá nọ́sù lọ sí 2, nọ́sù ló ń ṣe é. Tó bá dúró sí 5, a ti kúrò lọ́rọ̀ dísù nìyẹn.

Nígbà tí o bá yọ ọ́, fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdí ihò dáadáa kí o sọ ohun tí o rí fún mi. Wọ́ṣà bàbà kan ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Onítípà Ìgbógbo:

Bàbá, mo rí nǹkan. Wọ́ṣà méjì ni wọ́n tò lérí ara wọn nídìí nọ́sù 5, èyí ìsàlẹ̀ ti pẹlẹbẹ pátápátá, ó sì ti dúdú. Èédú le mọ́ ara nọ́sù yíká, títí dé àárín. Nọ́sù ìyókù mọ́, wọ́ṣà kọ̀ọ̀kan ló wà nídìí wọn. Mo fi wọ́ṣà tuntun ẹyọ kan sí i, mo pààrọ̀ 5 àti 2 bí ẹ ṣe wí. Ìró rọ̀ díẹ̀, ariwo ṣúṣú kan tó máa ń wà lórí ẹ́ńjìnnì ti lọ, ṣùgbọ́n mísì ṣì wà ní 5. 2 ń ṣiṣẹ́ dáadáa pẹ̀lú nọ́sù tó ti wà ní 5.

Bàbá Nọ́sù (Odógunyàn):

Ṣúṣú yẹn, afẹ́fẹ́ tó ń gba ìdí nọ́sù sá jáde ni. Ẹni tó yọ nọ́sù yẹn kẹ́yìn kò yọ wọ́ṣà àtijọ́, ó kàn ju tuntun lé e. Wọ́ṣà méjì gbé nọ́sù sókè, ẹnu ẹ̀ ò wọlé tó bó ṣe yẹ, ìfọ́n ẹ̀ ò sì ní bọ́ sínú kòtò orí písítìn níbi tó yẹ kó bọ́ sí. Gbogbo ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ máa fi wáyà tó ní ìkọ́ wá ìdí ihò kí ẹ tó dá nọ́sù padà. Wọ́ṣà àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, ojú kì í tètè rí i.

Ó ti kúrò lọ́wọ́ tèmi báyìí. Tọ́nà, ẹ wà níbẹ̀?

Tọ́nà Àgíríìkì:

Mo wà níbí, mo ti ń kà á bọ̀. Géèjì ló kù.

Ẹ má lo géèjì mọ́tò pẹ́tírọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju 300 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) lọ, dísù tó péye máa já abẹ́rẹ́ ẹ̀. Èyí tó lè ka 600 ni kẹ́ ẹ wá. OM352 kò ní púlọ́ọ̀gì gbígbóná, ihò nọ́sù nìkan ni a lè gbà wọn ọ́n. Ara nọ́sù tó ti kú ni mo máa ń lò, mo máa lu inú ẹ̀ já, wẹ́dà á wá jó ẹnu géèjì mọ́ orí ẹ̀. Á jókòó sí ihò yẹn bíi nọ́sù gan-an, pẹ̀lú wọ́ṣà tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò, kì í ṣe ẹyọ kan péré, kí sítátà lè yí ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ́. Ẹ fa wáyà tí ẹ fi ń pa ẹ́ńjìnnì kí pọ́ńpù má bàa fọ́n dísù. Ẹ ṣí éà fílítà. Bátìrì gbọ́dọ̀ kún, nítorí sítátà tó ń wọ́lẹ̀ máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó dára ka iye tí kò dára. Iye ìlù kan náà (bí písítìn ṣe ń fún afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan) ni kẹ́ ẹ fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì máa wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gòkè. Tó bá fò sókè ní ìlù àkọ́kọ́, ó dára. Tó bá ń yọ́ gòkè díẹ̀díẹ̀, ríìngì ló sábà máa ń jẹ́. Tó bá kéré ní ìlù àkọ́kọ́ tó sì dúró síbẹ̀, fáàfù (ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ní ti irú ẹ́ńjìnnì yìí, inú mi máa ń dùn tí mo bá rí 350 sókè. Tó bá wọ abẹ́ 300, ìṣòro wà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàárín wọn ni kẹ́ ẹ wò jù. Tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá jọ wà ní 310, ọkọ̀ á máa rìn. Tí ọ̀kan bá fi 100 kéré sí ìyókù, òun ló ń gbọn ọkọ̀.

Tó bá jẹ́ sílíńdà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló kéré, bíi 3 àti 4, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnnì) ti jó láàárín wọn nìyẹn, wọ́n ń fún ara wọn ní afẹ́fẹ́.

Onítípà Ìgbógbo:

Mo yá géèjì lọ́wọ́ ẹnì kan ní Odógunyàn. Ohun tó kà rèé:

1: 365
2: 360
3: 350
4: 365
5: 205
6: 355

Ti 5 yẹn, ìlù àkọ́kọ́ ló ti gbé e débẹ̀, kò gòkè mọ́.

Ọmọ Àgbádárìgì:

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo ilé. Dẹ́rẹ́bà tírélà ni mí tẹ́lẹ̀, ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ ni mò ń ná. Ohun tí ọ̀gá wa kọ́ wa ni pé kí á bu ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà tó kéré, kí á tún wọn ọ́n. Tó bá gòkè, ríìngì ni, torí ọ́ìlì ti dí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tí kò bá gòkè, fáàfù ni. Ẹ jẹ́ kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Tọ́nà Àgíríìkì:

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀nà yẹn dára fún ẹ́ńjìnnì pẹ́tírọ́ọ̀lù. Nínú dísù irú èyí, ó máa ń tan ènìyàn jẹ, mo sì fẹ́ kí gbogbo wa rí ìdí ẹ̀.

Sílíńdà OM352 fẹ̀ ní milimítà 97, písítìn ẹ̀ ń rìn milimítà 128. Ẹ ṣírò ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń fà jẹ́ nǹkan bíi 946 cc. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ 17 sí 1 ló ń fún un, àyè tó kù nígbà tí písítìn bá dé òkè pátápátá kò ju nǹkan bíi 59 cc lọ. Ẹ wá bu ọ́ìlì 10 cc sí i. Ọ́ìlì kì í fún, àyè ti di 49. Ìfúnpọ̀ ti kúrò ní 17, ó ti di 20 sí 1. Géèjì á gòkè, yálà ríìngì jẹ tàbí kò jẹ! Mẹkáníìkì á wá sọ pé “ṣé ẹ rí i, ríìngì ni,” wọ́n á sì tú ẹ́ńjìnnì tí ríìngì ẹ̀ pé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, orí písítìn yìí ní kòtò láàárín, ibẹ̀ ni ọ́ìlì máa kóra jọ sí. Tí ènìyàn bá sì bu ọ́ìlì jù, tó dá nọ́sù padà tó kíkì ẹ̀, ó lè tẹ kọ́nrọ́ọ̀dù, irin tó gbé písítìn.

Afẹ́fẹ́ fọkanáísà ni kó lò. Ara nọ́sù tí a jó ẹnu géèjì mọ́ yẹn náà, kó yọ géèjì kúrò, kó so hóòsì fọkanáísà mọ́ ọn. Kó gbé písítìn 5 dé òkè, fáàfù méjèèjì ní pípadé, kó tú afẹ́fẹ́ bíi 100 psi sí i. Kó wá fi etí wá ibi tó ń sá gbà. Tó bá ń gba ẹnu éà fílítà, fáàfù tó ń fa afẹ́fẹ́ ló ń jò. Tó bá ń gba sàlẹ́ńsà, fáàfù èéfín ni. Tó bá ń gba ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí, ríìngì tàbí písítìn ni. Tí omi redíétọ̀ bá ń hó, gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí tọ́ọ̀pù sílíńdà tó là. Kó sì mọ̀ pé ríìngì tó dára pàápàá máa ń jò díẹ̀, èyí tó pariwo ni kó wá.

Láti mọ̀ pé 5 wà lókè lóòótọ́: ìtòlẹ́sẹẹsẹ iná ẹ́ńjìnnì yìí ni 1-5-3-6-2-4. Ẹnìkejì 5 ni 2. Ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì (ohun tó ń tẹ fáàfù), yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ọwọ́, máa wo fáàfù méjì ti sílíńdà 2. Nígbà tí fáàfù èéfín ẹ̀ ń padé lọ tí ti afẹ́fẹ́ sì ń ṣí bọ̀, dúró níbẹ̀. 5 ti wà lókè, ó ti fún afẹ́fẹ́ mọ́.

Ọmọ Àgbádárìgì:

Mo gbà fún yín, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un nítorí ẹ̀mí. Tí písítìn bá fi díẹ̀ kọjá òkè, afẹ́fẹ́ yẹn máa tì í wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì á yí lójijì. 100 psi lórí písítìn milimítà 97 ju ẹrù 500 kílò lọ. Àbúrò, ki òkúta sábẹ́ táyà, fa háńbúréèkì, ki í sí jíà kẹrin, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan fáànù, kí sípánà má sì wà lórí bóòtì púlì. Mo mọ ọmọ iṣẹ́ kan tí sípánà gbá lápá báyẹn.

Onítípà Ìgbógbo:

Ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Sàlẹ́ńsà ni!

A di táyà, a ki í sí jíà, fọkanáísà tú afẹ́fẹ́. Ọmọ iṣẹ́ gbé etí sí ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí, ìmí díẹ̀ lásán ló ń gbọ́. Éà fílítà dákẹ́. Redíétọ̀ ò mira. Mo lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo gbé ọwọ́ síwájú ẹnu sàlẹ́ńsà, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ ẹ lọ́wọ́ fùùù.

Ohun mìíràn: nígbà tí ìdérí ṣí, mo gbìyànjú láti fi ọwọ́ gbọn tápẹ́ẹ̀tì èéfín ti 5, kò mì rárá. Fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àyè) tó fẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ kò wọ abẹ́ ẹ̀. Mo wá rántí pé kó tó di pé gbogbo èyí bẹ̀rẹ̀, mẹkáníìkì kan ní tápẹ́ẹ̀tì ń pariwo, ó sì fún gbogbo wọn títí ẹ́ńjìnnì fi dákẹ́. Kò lo géèjì, ojú ló fi wò ó.

Tọ́nà Àgíríìkì:

Ibẹ̀ gan-an ni. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń pariwo díẹ̀ sàn ju èyí tó dákẹ́ jù lọ.

Tí irin bá gbóná, ó máa ń gùn sí i. Àyè kékeré tí a fi sílẹ̀ lábẹ́ tápẹ́ẹ̀tì, òun ni fáàfù fi ń rí ibi padé nígbà tó bá gbóná. Fáàfù èéfín ló ń rí iná jù, ibi ìjókòó ẹ̀ lára tọ́ọ̀pù ló sì fi ń tú gbígbóná dànù. Tí kò bá jókòó pé, kò ní tutù, iná á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá títí á fi jẹ ẹ́. Fún OM352, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, 0.20 milimítà ni ti afẹ́fẹ́, 0.30 ni ti èéfín.

Ṣètò gbogbo méjìlá pẹ̀lú fílà géèjì, kí o tún wọn 5. Tó bá padà sí 350, o bọ́. Tó bá gòkè ṣùgbọ́n kò dé ibi tí ìyókù wà, fáàfù ti jó, tọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Kíyè sí i pé tọ́ọ̀pù nìkan ni mo wí.

Onítípà Ìgbógbo:

Mo ṣètò ẹ̀. Èéfín ti 2 àti 3 náà ti le jù, 0.10 ni wọ́n wà. 5 gòkè dé 270, kò kọjá ibẹ̀.

A ti sọ tọ́ọ̀pù kalẹ̀. Fáàfù èéfín 5, etí ẹ̀ ní ibì kan tó ti jẹ wọnú tó ìbú èékánná, irin ibẹ̀ funfun, ìyókù pupa rúsúrúsú. Ibi ìjókòó ẹ̀ náà ní ojú àpá. Ti 2 àti 3 ní àmì, wọn ò tíì jẹ. Mo fi èékánná wa òkè slíìfù wò, ẹnu ìgbésẹ̀ tó wà níbẹ̀ (ibi tí ìjẹ slíìfù ti dúró) kéré, àwọn ilà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi họ́ ọn níjọ́ kìíní ṣì hàn nínú 1, 2 àti 4. Ti 5 àti 6 ti ń dán, ṣùgbọ́n kò sí ojú ibi tó họ.

Ẹ̀rù tó bà mí ni pé iyanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ṣé ó yẹ kó wà níbẹ̀?

Ìyá Típà Ẹ̀pẹ́:

Kò yẹ o! Wo rọ́bà tó so éà fílítà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó máa ń là lábẹ́, níbi tí ojú kì í dé, dẹ́rẹ́bà á máa fọ fílítà lójoojúmọ́ nígbà tí iyanrìn ń gba ìsàlẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ iyanrìn tí àwa ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́ níbí àti tiyín ní Ìkòròdú, ibẹ̀ ló ti ń pa ẹ́ńjìnnì wa. Tẹ rọ́bà yẹn kó o fẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá là, pààrọ̀ ẹ̀, má fi téèpù wé e. Tó bá jẹ́ éà fílítà olọ́ìlì ni, da ọ́ìlì àtijọ́ nù, fọ ìdí ẹ̀, bu tuntun dé ojú àmì, má bu ú kọjá, torí ẹ́ńjìnnì lè fa ọ́ìlì yẹn mu.

Onítípà Ìgbógbo:

Ìyá, bí ẹ ṣe wí gan-an ló rí. Ó là lábẹ́, ìka mi wọ ibẹ̀. Mo ti ra tuntun pẹ̀lú kílíìpù méjì.

Tọ́nà Àgíríìkì:

Gbé tọ́ọ̀pù wá fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kó wo àárín fáàfù méjèèjì ti sílíńdà kọ̀ọ̀kan bóyá ó là, ibẹ̀ ló sábà máa ń là. Fáàfù èéfín 5 kò ṣeé gíráíńdì mọ́, ra tuntun. Kí wọ́n wo gáìdì ẹ̀ (ihò tí fáàfù ń rìn nínú ẹ̀), tí fáàfù bá ń mì nínú ẹ̀, kò ní jókòó pé, á tún jó. Ìyókù, kí wọ́n gíráíńdì wọn, kí wọ́n sì bu kẹrosíìnì sí i lẹ́yìn náà láti wò bóyá ó ń jò. Kí wọ́n gbé irin gígùn tó tọ́ sí ojú tọ́ọ̀pù kí wọ́n wò bóyá ó tẹ̀. Tí kò bá tẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pilénì ẹ̀ (kó fá ojú ẹ̀) nítorí àṣà. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Má fọwọ́ kan písítìn, ríìngì kọ́ ló ń ṣe é.

Onítípà Ìgbógbo:

Ọkọ̀ ti padà sójú ọ̀nà, ẹ̀yin ẹbí mi. Ohun tí géèjì kà lẹ́yìn ẹ̀:

1: 370
2: 370
3: 360
4: 365
5: 355
6: 355

Ìlù kan ló fi dáhùn láàárọ̀ yìí. Èéfín funfun tó yọ kò tó nǹkan, ó sì lọ. Mo ti di iyanrìn kan láti Báyẹ̀kú, jíà kẹta ló fi gun òkè. Gbogbo owó tí mo ná sórí tọ́ọ̀pù, gásíkẹ́ẹ̀tì, fáàfù àti rọ́bà yẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin owó tí mẹkáníìkì kejì pè. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n tún bóòtì tọ́ọ̀pù fún?

Tọ́nà Àgíríìkì:

Ó wà lọ́wọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tó o rà. Ka ìwé tó wà nínú páálí ẹ̀. Tó bá ní kí o tún un fún, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, lo tọ́ọ̀kì sípánà, bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Tápẹ́ẹ̀tì ni o gbọ́dọ̀ tún wò, bó ti wù kó rí, torí fáàfù tuntun àti ìjókòó tuntun máa ń wọlé díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àyè abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì á dínkù. 0.20 àti 0.30, nígbà tó bá tutù. Pẹ̀lú fílà géèjì.

Onítípà Ìgbógbo:

Mo ti gbọ́, ọ̀gá. Ọjọ́ Àìkú tí ọkọ̀ bá sinmi ni màá ṣí i, màá sì kọ ohun tí mo bá nídìí 5 síbí.